Àpò Tí Ọwọ́ Mọ̀

Bí ẹ bá rò pé alágídí ti tán láyé, ẹ tẹ̀lé Bàbá Iná lọ ra báàgì. Bàbá Iná ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ ìyá télọ̀, torí kò sí ilé tí iná ti kú ládùúgbò tí kò tíì gbé àkàbà rẹ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n èjìká òsì rẹ̀ ti ń dùn ún láti ìjelòó. Dókítà sì ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé bó bá tún ń fi èjìká kan ṣoṣo gbé irinṣẹ́ kiri, ọwọ́ yẹn ò ní lè dé àjà mọ́. Oníṣẹ́ iná tí ọwọ́ ẹ̀ ò dé àjà, kí ló kù tó fẹ́ máa tún ṣe? Fìtílà?

Ìyàwó rẹ̀ ló rán àpò irinṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, àpò olókùn kan, aṣọ tó nípọn bí awọ. Ohun tó ń jẹ ìyá télọ̀ lọ́kàn gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ òun ló ń pa ọkọ òun lára! Nígbàkigbà tó bá rí i tó ń jìjàkadì pẹ̀lú apá ẹ̀wù, omi á lé ròrò sójú rẹ̀.

Ìyá télọ̀ kúkú fà á dé ṣọ́ọ̀bù oníbáàgì. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé báàgì onítáyà síwájú wọn.

"Táyà kẹ̀? Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé mo fẹ́ wọ bàálù ni?"

Ó gbé òmíràn wá. Bàbá ní ó le bíi pákó. Ìkẹta ní okùn méjì, irú èyí téèyàn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Bàbá Iná dijú, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ó táràrà títí, ó wá mi orí.

"Dádì, ṣé ẹ ń gbàdúrà ni?" ọlọ́jà náà bi í.

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Tí mo bá débi iṣẹ́, mo máa ń pa iná ná. Nínú òkùnkùn, ọwọ́ mi lojú mi. Nínú àpò mi, tẹ́sítà tí mo fi ń dán iná wò wà lọ́tùn-ún, píláyà tẹ̀ lé e, ọ̀bẹ wà nísàlẹ̀. Inú èyí, ọwọ́ mi ò mẹnì kankan."

Bí wọ́n ṣe jáde, ìyá télọ̀ dúró. "Bàbá wọn, ẹ sọ òótọ́. Torí èmi ni mo rán àpò yẹn ni ẹ ò ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀, àbí?"

Bàbá họ orí. "Rárá o." Ó rìn díẹ̀. "Ó ń bẹ níbẹ̀ ṣá. Èmi nìkan ni mo máa ń wà lórí àkàbà látàárọ̀. Tí mo bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àfi bíi pé o wà níbẹ̀."

"Ẹ ò sì wí látọjọ́ yìí! Àwọn ọkùnrin yìí náà sì rèé!"

Lọ́jọ́ kejì, bí ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́ kékeré kan láìgbé àpò rẹ̀ dání, ìyá télọ̀ padà lọ ra báàgì olókùn méjì náà. Ó gbé abẹ fẹ́lẹ́, ó sì ń tú àpò àtijọ́. Kò rọrùn fún un. Nígbà tó débi ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi òmíràn sí i.

Bàbá Iná wọlé, ó rí awẹ́ aṣọ nílẹ̀. "Yéè! Ta ló tú àpò mi?"

"Èmi tí mo rán an ni. Ẹ gbé èyí kọ́ ẹ̀yìn."

Ó fi ìbínú gbé e. Ó rìn yíká yàrá, ó na ọwọ́ òsì díẹ̀díẹ̀. Kò dé òkè tán, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò fà á wálẹ̀.

"Ó fúyẹ́ lóòótọ́," ó ń kùn. "Irinṣẹ́ ńkọ́? Báwo ni màá ṣe rí wọn?"

Ìyá télọ̀ fa kọ́tìnì, ó pa iná, ó gba báàgì lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ẹ mú tẹ́sítà."

Ọwọ́ bàbá lọ sọ́tùn-ún, ó bá a. Àpò kéékèèké inú ti àtijọ́ ni ìyàwó rẹ̀ rán síbẹ̀, ó sì ti kó irinṣẹ́ sí wọn, bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Píláyà." Ó mú un.

"Ọ̀bẹ." Ó mú ìyẹn náà.

Ìyàwó ṣì ń gbọ́ tí ìka bàbá ń rìn lórí aṣọ.

"Bàbá wọn, kí lẹ tún ń wá?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Ìwọ ni mò ń kí."