Jìtá Kan fún Ọmọ Méjì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí èmi àti Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi lò kẹ́yìn pa pọ̀, ẹ̀wà ló ń ṣà lórí àtẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kábà. Ó ju òkúta kan sí àgbàlá, ó ní ó dájú pé ẹni tó ta ẹ̀wà yìí àti ẹni tó ń yọ eyín ní ọsibítù ti jọ mulẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí mọ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ náà.

Ti jìtá ni mo fẹ́ sọ. Ó lé ní ogún ọdún tí èmi àti ìyàwó mi fi ń kọ́ni ní jìtá ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ará Kábà tàbí ará Mọ̀pà, àwa ló máa ń bẹ̀ pé kí a bá òun yàn án. Nínú gbogbo jìtá tí mo rà fún àwọn èèyàn, kò sí ọ̀kan tí mo dá yàn. Láti ìgbà tí Morẹ́nikẹ́ ti lọ, ó ti tó oṣù mẹ́wàá, mo ń dá ọjọ́ fún ìyá kan ní Iyara, mo sì ń yẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Iyara ni gbogbo wa ń pè é. Jìtá tèmi ló fi ń kọ́ orin. Lọ́jọ́ kan ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, mo ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Ṣé ìgbà tí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n lẹ ó tó bá mi rà á?” Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí mo bá nìkan dé iwájú jìtá, n kò ní mọ èyí tó dára. Ẹni tó bá gbọ́ á rẹ́rìn-ín, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ mi ló fà á.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò tí ì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé bí lọ́rì ṣe ń já ẹrù láti Ilọrin lójoojúmọ́: bẹ́ẹ̀dì, àga, ìkòkò, àkùkọ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ará Kwara lánàá, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ Lọ́kọ́jà. Kò sí ilé ní Lọ́kọ́jà, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Kábà. Orí ọ̀kan nínú àwọn lọ́rì yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Délé, akọ̀wé ìjọba, aládùúgbò wa, ti sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé jìtá dání bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́, ó kí i bí ará Okun. “Okun o, Délé! Gbogbo ọdún tí o fi jókòó sí Ilọrin, pákó olókùn lo gbé wálé?” Bọ̀ọ̀dá Délé dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, ó ń sọ̀rọ̀.” “Ó dáa,” ni Ìyá àgbà wí, “kó wá bá mi ṣẹ́ igi.”

Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń ti Lọ́kọ́jà dé. Bí a bá ti gbálẹ̀, tí a ti pọn omi, tí a sì ti fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni a máa ń gbà lọ. Ìyàwó rẹ̀ á yan ẹ̀pà oníyọ̀ nínú agbada, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Mo máa ń rò ó nísinsìnyí pé àwọn kan nínú wa kì bá tí fojú kan jìtá náà bí kì í bá ṣe ẹ̀pà yẹn. Ọmọ mẹ́jọ ni wá, jìtá jẹ́ ẹyọ kan, ilẹ̀ sì ń ṣú kó tó kan gbogbo wa. Bọ̀ọ̀dá Délé bá dá ọgbọ́n kan. Ó ń mú wa ní méjì méjì, ó ń tẹ́ jìtá sórí itan wa. Ọmọ kan á máa tẹ okùn lọ́rùn jìtá, èkejì á máa ta á níkùn.

Morẹ́nikẹ́ ló mú mọ́ mi. Ọmọ tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Ìsánlú ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, a máa ń fi èdè Ìyàgbà rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi mọ èdè Owé tiwa ní Kábà dé ibi tí ó ti lè fi bú wa, a sì pa ẹnu mọ́. Gààrí ni òun àti ìyá rẹ̀ máa ń jọ̀ fún títà, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá Délé ní kó máa ta okùn, kí èmi máa tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́, Morẹ́nikẹ́ yóò fi ìka gbá mi lórí: “Ṣé o ti sùn ni?”

Ìyá àgbà bi mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan pé ọwọ́ wo ni mò ń fi ṣe é. Mo ní ọwọ́ òsì. Ìyá àgbà gbé àwo iyán rẹ̀ sílẹ̀. “Òsì kẹ̀? Èmi tí mo lu ọwọ́ yìí títí tí kò fi na owó sí àgbà mọ́, kí Délé ọmọ Adébáyọ̀ máa wá fi ẹ̀pà kọ́ ọ padà!” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Délé. Bọ̀ọ̀dá kò bá a jiyàn. Ó ní, “Màmá, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́.” Ìyá àgbà yí padà, ó ń kùn pé ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ kọ́ ni òun bá wá, ṣùgbọ́n kò dá mi dúró mọ́.

Ẹni tó bá ti kọ́ jìtá rí mọ̀ pé okùn rẹ̀ máa ń ge ìka. Bọ̀ọ̀dá Délé sọ fún wa pé bí ìka bá le tán, kò ní dùn wá mọ́. N kò lè dúró kó le. Àkókò kájú ni, a sì máa ń dáná sun kóró rẹ̀ nínú agolo lẹ́yìn ilé. Mo ti rí i pé ọwọ́ àwọn tó ń pa kájú dúdú, ó sì le bí awọ bàtà. Mo bá fi epo èèpo kájú pa orí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọwọ́ òsì mi, mo sì lọ sùn bí ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìka mi ti wú. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo awọ rẹ̀ bó. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ ọ̀tún nìkan sókè, nítorí òsì ti gba ìyà tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni n kò fi lè tẹ okùn. Bọ̀ọ̀dá Délé kò lé mi lọ sílé. Ó ní, “Ẹni tí kò lè tẹ̀ ẹ́, kó máa wò ó.” Ó kọ́ mi láti gbé jìtá sójú bí káfíńtà ṣe ń gbé pákó, kí n di ojú kan, kí n wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó tẹ̀. Ó kọ́ mi láti wo àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn náà, tó ń pè ní àkàsọ̀, bóyá ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ní ti Morẹ́nikẹ́, kí ó má baà máa fi ẹnu ṣeré, Bọ̀ọ̀dá ní kó kọjú sí ògiri, kó máa sọ okùn tí òun ta. Ìtàn kan náà ni lọ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èmi ń fi ojú kọ́ jìtá, òun ń fi etí kọ́ ọ. Bí ọwọ́ mi ṣe jinná tán, a kò pààrọ̀ ipò. Ó ti rọ̀ wá lọ́rùn.

Ìyá mi ló sọ jìtá náà di akísà, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. Bí Bọ̀ọ̀dá Délé bá lọ Lọ́kọ́jà, ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan ni jìtá ń sùn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kan ilé wa, ìyá mi rí ikán lára ògiri, ẹ̀rù bà á. Ibi tí ìyá mi máa ń kó ohun iyebíye sí ni àjà, lókè ààrò, níbi tí àgbàdo tí a fẹ́ gbìn wà. Ó gbé jìtá síbẹ̀. Ikán kò débẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni iná fi yá a, gbogbo ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sì ṣí. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Délé gbé e, ikùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó wò ó títí. Ìyá mi kúnlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní, “Ẹ dìde, Màmá Ṣẹ́gun. Ẹ̀yin nìkan lẹ fi í sípò irúgbìn.”

Báyìí ló ṣe kó èmi àti Morẹ́nikẹ́ dání lọ Ilọrin, láti lọ ra òmíràn. A gba Mọ̀pà, a gba Ìsánlú, a gba Ẹ̀gbẹ̀, eruku sọ wá di arúgbó mẹ́ta. Àlàájì tó ń ta jìtá kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó pupa jáde. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ń dán bí ojú ìyàwó.” Bọ̀ọ̀dá ní, “Ìyàwó mi wà nílé.” Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo di ojú kan, mo wo ọrùn rẹ̀, mo ní ó gún. Ó ní kí Morẹ́nikẹ́ kọ̀yìn sí wa. Mo ń tẹ̀ ẹ́, Bọ̀ọ̀dá ń ta á.

“Okùn kẹta ń kùn,” ni Morẹ́nikẹ́ wí.

Àlàájì ní, “Ta lọmọ yìí? Ṣé òun ló gbẹ́ ẹ ni?”

“Okùn kẹta, àkàsọ̀ karùn-ún. Ó ń dún bí eṣinṣin tó há sínú agolo.”

Àlàájì gba jìtá náà, ó gbé e sétí, ó ta á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ yìí kúrò níbí kí oníbàárà mìíràn tó dé!” Ó wọ yàrá, ó gbé jìtá kan tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ jáde. Èyí la rà.

A dàgbà, a fẹ́ra, a ń kọ́ni. Olúkúlùkù wa ti mọ ọwọ́ méjèèjì lò nígbà náà, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ibi tí a ti ń ra jìtá, bí ti Ilọrin ni a ṣì ń ṣe é. Èmi á wò ó, n ó sì máa tẹ̀ ẹ́ kí n máa ta á, òun á kọ̀yìn sí mi, á sì fọwọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. N kò fetí sí jìtá kan rí nígbà rírà. Kí ni mo fẹ́ fetí ṣe?

Lóde òní, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní jìtá tirẹ̀. Fóònù ló ń kọ́ wọn, fóònù ló ń bá wọn so okùn kó dún dáadáa, orí fóònù náà ni wọ́n sì ti ń rà á. N kò bú wọn. Wọ́n ń yára mọ̀ ọ́n jù wá lọ, epo kájú kò sì bó wọn lọ́wọ́. Ohun tí n kò rí mọ́ ni ọmọ méjì lórí àga kan, tí ọ̀kan ò lè mú ohùn kankan jáde láìsí èkejì. Òṣì la pè é nígbà náà. Ọmọkùnrin Màmá Iyara tó wà ní Àbújá ní òun á bá ìyá òun fi fóònù ra jìtá. Ìyá kọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló pè mí: “Tíṣà, bí ẹ kò bá lọ ní Sátidé yìí, n ó lọ fúnra mi, èyí tí wọ́n bá ya òdòdó sí jù lára rẹ̀ ni n ó rà.”

Mo lọ. Obìnrin kan ló ni ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ní Ilọrin nísinsìnyí. Mo wo ọrùn jìtá àkọ́kọ́, ó gún. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ta á, mo sì dúró. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mò ń dúró de ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Obìnrin náà ní, “Dádì, ṣé kí n bá yín ta á?” Mo ní rárá, kó jẹ́ kí n ṣe é. Mo gbé àga sún mọ́ ògiri, mo kọjú sí i, mo bẹ̀rẹ̀ láti okùn kìíní, àkàsọ̀ kìíní, mo sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òógùn bò mí. Ibi tí mo bá ti ṣiyèméjì, mo padà síbẹ̀, títí mo fi gbọ́ okùn kan tó ń kùn, mo sì gbé e kalẹ̀. Èkejì ní àléébù ní ọrùn, mo dá a padà. Nígbà tí mo fi dé ìkẹta, wọ́n ti kírun ọ̀sán tán. Mo tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un ṣe, mo gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, ó mọ́.

“Èyí ni,” ni mo wí.

Obìnrin náà wò mí. “Ẹ ti pẹ́ lórí rẹ̀ o, Dádì. Ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní, “Ó dá mi lójú. Bá mi dì í.”