Ìlà Tí Bíbẹ́ẹ̀kọ́ Kò Kọ

Níbi iṣẹ́, Bíbẹ́ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu rẹ́gí. Àṣẹ ló ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, àṣẹ náà á sì di ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ẹ̀rọ. Ó ní bí èèyàn bá kọ ohun tí gílóòbù máa ṣe bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, tí kò kọ èyí tó máa ṣe bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò ní béèrè: ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa dì mú ṣinṣin. Nítorí náà, "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ńkọ́?" ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. N óò ní mo fẹ́ lọ sá aṣọ, á ní, "Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?" Ó lè da inú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín rú.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ohùn wọn ò dé kíṣìnì mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n lẹ́rù: kí wọ́n pe Màámi, kí Màámi má gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bá fi bọ́tìnnì kan sí wọn lọ́wọ́, ó gbé gílóòbù pupa kọ́ sókè síǹkì, ó fi bátìrì sí abẹ́ ẹ̀ nítorí ìgbà tí iná bá lọ. Tí Bàbá bá tẹ bọ́tìnnì, kó tàn. Tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀, kó kú. Bọ́tìnnì kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù tí wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ó tàn. Wọ́n jù ú sílẹ̀. Gílóòbù ò kú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí kọ̀ǹpútà, ó ka àṣẹ ẹ̀ lókè lódò, ló bá gbá orí mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò kọ 'bí bẹ́ẹ̀ kọ́'!" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, dákẹ́. Ìlà kan péré ni. N ó kọ ọ́ báyìí."

Màámi dá a dúró. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ bàbá yín ò lágbára láti tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Bí mo bá wà lẹ́yìnkùlé, ìgbà tí mo bá wọlé ni n ó rí i."

Bí ìlà yẹn ò ṣe di kíkọ nìyẹn. Bí gílóòbù bá ti tàn, Màámi á kọ́kọ́ lọ bá Bàbá. Tí wọ́n bá padà dé ni wọ́n tó máa fi bọ́tìnnì kékeré yẹn pa á. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti inú yàrá. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an.

Lọ́jọ́ tí Bàbá máa lọ, gílóòbù tàn. Màámi bá wọn láàyè, wọ́n sì di ọwọ́ wọn mú títí ó fi parí. Ṣùgbọ́n wọn ò padà wá pa gílóòbù.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ kí Màámi. Gílóòbù ọ̀hún ṣì ń tàn lókè síǹkì. Bí mo ṣe ń fọ abọ́, mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kékeré náà.

"Má pa á," Màámi wí. "Bàbá yín ṣì ń pè mí."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo ń retí ìbéèrè ẹ̀. Ṣe ló gun àga, ó fa bátìrì tuntun tó ti rà wá láti ilé yọ nínú àpò, ó sì fi pààrọ̀ èyí tó wà lábẹ́ gílóòbù.