Ẹnu Èédú Níwájú Ìyá Ọkọ

Láti kékeré ni eyín mi ti pọ́n bí ògì bàbà. Àwọn kan ní omi kànga ilé wa ni, àwọn kan ní oògùn ibà tí wọ́n ń rọ mí lẹ́nu nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ ni. Èmi ò bá a jà. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín láìla ẹnu, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn èèyàn ń pè mí ní ọmọ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ti bá mi gbé rí mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ní ìlú Bìní ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó ń ṣáájú àdúrà nínú ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó jẹ́ onígbàgbọ́, sọ pé èmi ni òun máa fẹ́. Ó ga, ó dúdú, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní ìyá òun ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á sì wá rí mi lọ́sàn-án Sátidé. Ó wá rọra fi kún un pé, "Màmá mi, eyín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò lára ọmọbìnrin o. Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ ni."

Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí eyín lásán lé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ yàrá mi ní Ekenwan Road di ilé ìdáná nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí iyọ̀, mo fi ń bó eyín mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, omi tútù ò ṣe é mu fún mi mọ́, erìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín ò sì yí padà. Ọmọbìnrin Edo tí a jọ ń gbé, tó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ló wá ní, "Use charcoal na! If e fit clean pot, which one be teeth?" Mo bú u. Lẹ́yìn náà, mo lọ ra èédú.

Láago méje àárọ̀ Sátidé, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé. Mo ti gún èédú sínú abọ́, mo ń fi orín àtá ra á mọ́ eyín, gbogbo ẹnu mi ti dúdú, ni mo bá gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́kùnrin mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àṣé ìyá rẹ̀ ti dé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sùn sílé àbúrò wọn ní GRA, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ rí mi kí oòrùn tó mú.

Kí ni kí n ṣe? Nílé tiwa, a kì í fi ẹnu àìfọ̀ kí àgbà. Ẹni tó bá ń run orín, orí ló máa ń mì. Mo fi eékún méjèèjì lélẹ̀, mo pa ètè mi dé, mo tẹrí ba. Omi dúdú ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n mi.

Ọ̀rẹ́kùnrin mi ò lè pa á mọ́ra. "Kí ló dé? O ò rí màmá mi ni? Say something now!"

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé kó fi ẹnu ìdọ̀tí kí mi ni? Ilé tó dáa ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yìí. Ìwọ tí mo bí gan-an, ṣé o fọ tìrẹ kí o tó kí mi láàárọ̀?"

Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo bu omi ṣan ẹnu. Dúdú ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà pupa. Màmá rí pupa yẹn. Wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n ní kí n la ẹnu, wọ́n sì wò ó dáadáa. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ó ti parí.

"Kí lo fi ṣe ara ẹ báyìí?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni, mà."

"Nítorí kí ni?"

Mo wo ọmọ wọn. Òrùlé lòun ń wò. "Wọ́n ní eyín lẹ kọ́kọ́ máa ń wò lára ọmọbìnrin, mà."

"Èmi?" Wọ́n yíjú sí i. "Ìgbà wo ni mo wo eyín ẹnikẹ́ni rí? Ṣé màlúù ni mo wá rà ní Bìní ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Òun gan-an ni eyín mi ń tì lójú. Kò lè sọ ọ́, ló bá fi ìyá rẹ̀ bojú. Inú bí mi, ó sì dùn mí ju erìgì mi lọ.

Màmá ò pariwo. Wọ́n gbé abọ́ èédú, wọ́n nà án sí i. "Gbà. Fi fọ tìẹ náà. O ò gbọdọ̀ tu ú dànù títí èmi àti ọmọ yìí á fi jẹun tán." Ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó gbà á.

Bí èmi àti màmá ṣe ń jẹ mọ́ínmọ́ín tí wọ́n gbé wá láti GRA nìyẹn, tí aṣáájú àdúrà wa jókòó sórí àpótí tẹnu dúdú tẹnu dúdú, tí ọmọ Edo ń yọjú lójú fèrèsé. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo fojú rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Màmá ní kí n jìnnà sí ọsàn, kí n máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ díẹ̀ ṣan ẹnu, kí n máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ run orín. "Bí Ọlọ́run ṣe dá eyín ẹ nìyẹn. Erìgì ni kó o tọ́jú, òun ló ń gbé eyín dúró."

Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n bi mí tààrà: "Èmi ti rí ẹ, mo sì fẹ́ ẹ. Ṣé ìwọ ṣì fẹ́ ọmọ mi?"

Mo wò ó. Èédú ti kán sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí, kò sì lè sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ẹ, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo la ẹnu, mo fi gbogbo eyín mi rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Màá rò ó, mà."

Oṣù méjì gbáko ni mo fi rò ó kí n tó gbà.