Ilé-Ìgbọ̀nsẹ̀ Méjìlá Etí Omi

Akọ̀wé ni obìnrin kan ní ọ́fíìsì ìrìn-àjò afẹ́. Òun ló ń pín àwọn ibi ìgbafẹ́ agbègbè wọn sí ìpele mẹ́ta, bí ọ̀nà, omi àti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ bá ṣe dára tó. Lọ́jọ́ kan, fọ́ọ̀mù ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta dé iwájú rẹ̀: ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ méjìlá! Ara fu ú. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn igi lọmọ rẹ̀ ti tọ̀ níbẹ̀.

Ó bi ọ̀gá rẹ̀ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ débẹ̀ fúnra yín?"

"Àbí o ò gbà mí gbọ́ ni, àbúrò?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wojú rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ. Ilé méjìlá wà lóòótọ́, wọ́n funfun báláú. Ó ṣílẹ̀kùn kan, koríko ló bá nínú rẹ̀. Kò sí ihò, kò sí omi.

Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Wọ́n wá ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Ewúrẹ́ mi ló ń sùn sí ìkẹrin."

Ìpele kẹta, èyí tó kéré jù, ló kọ ibẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọ̀gá ò fi dá a lóhùn bó bá kí i.