Kámẹ́rà Èjìká ní Òkukù

Bí ará Òkukù bá fẹ́ yan ẹni tí yóò ya fídíò ìgbéyàwó, èjìká onítọ̀hún ló kọ́kọ́ máa ń wò. Kámẹ́rà tí kò bá wúwo débi tí ọrùn ẹni tó gbé e yóò fi wọ́, nǹkan ìṣeré ọmọdé ni.

Ohun tó ń bí Láníkẹ́ nínú nìyẹn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò ní Ìkìrun, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣa owó jọ kó tó ra kámẹ́rà tuntun tí apá rẹ̀ ká. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ṣùgbọ́n ó ń ríran nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣókùnkùn, oòrùn ọ̀sán kì í fọ́ ọ lójú, bí èèyàn bá sì gbé e sáré tẹ̀lé ìyàwó, àwòrán rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bí iṣẹ́ ìgbéyàwó ńlá tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Jemima ní Òkukù bá bọ́ sí i lọ́wọ́, gbogbo Odò Ọ̀tìn yóò máa pè é. Bí kò bá bọ́ sí i, kó ti ṣọ́ọ̀bù pa ló kù.

Ó gbé e lọ han Màmá Jemima ní Òkukù. Màmá wò ó bí ẹni tó rí aáyán nínú ọbẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Kámẹ́rà ni, mà."

"Ìyá ẹ ni kámẹ́rà! Ọmọ mi ń ṣègbéyàwó, o gbé páálí ìṣáná wá. Káwọn àna mi láti Ìbàdàn lè sọ pé òtòṣì ni wá? Máa lọ! Abdulwaheed ará Inísà ní ti èjìká."

"Èmi náà ní ti èjìká, mà. Ilé ló wà."

Irọ́ gbuu! Ṣùgbọ́n Màmá gbà á gbọ́, ó ní kó gbé e wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ojú ẹsẹ̀ ni Láníkẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Abdulwaheed, ọ̀tá rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Kámẹ́rà èjìká tí ọkùnrin náà fi ń yangàn ti kú, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀.

"Wahid, yá mi ní òkú ẹ yẹn."

"Kó o lè máa fi mí ṣẹ̀sín?"

"Mo ti ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀. Bó o bá kọ̀, màá sọ fún gbogbo Inísà pé adìyẹ ló ń yàwòrán fún ẹ."

Ó gbé e fún un, ó sì fi èpè sìn ín jáde.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Láníkẹ́ so kámẹ́rà kékeré mọ́ imú òkú náà, ó gbé e lé èjìká. Ńṣe làwọn èèyàn ń yà lọ́nà fún un bíi pé ọ̀gá ọlọ́pàá ló ń kọjá.

Nígbà tí wọ́n jókòó wo fídíò náà nílé Màmá, ó mọ́ débi pé wọ́n lè ka irun imú pásítọ̀.

"Ẹ ò rí iṣẹ́ kámẹ́rà ńlá!" Màmá ń pariwo. "Kì í ṣe páálí ìṣáná ọjọ́sí!"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ní kí Láníkẹ́ wá ya ti ọmọ tòun náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páálí ìṣáná yẹn ti bí Láníkẹ́ nínú jù. Ó fa òkú kámẹ́rà náà jáde, ó ṣí ikùn rẹ̀.

"Ẹ wò ó, mà. Ìyẹ́ adìyẹ ló wà ńbẹ̀. Páálí ìṣáná tí ẹ bú ló ya gbogbo ẹ̀."

Màmá yíjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó fún ojú pọ̀.

"Abájọ," ó ní. "Abájọ tí mo ṣe dúdú báyìí."

"Ẹnu mi wọ́!" Àbúrò rẹ̀ náà ti rí tiẹ̀. "Ẹ tún wo gèlè mi bó ṣe kéré! Láníkẹ́, má wulẹ̀ wá sí tiwa mọ́."

Láníkẹ́ gba ẹnu ọ̀nà lọ.

"Títí ayé ni gèlè yín á máa kéré," ó ní, kò sì fi "mà" kún un.