Ẹ Kú Àná Ọdún Márùndínlọ́gọ́ta

Ẹ má bi mí léèrè Kọ́dọ́bà mọ́. Láti ọjọ́ tí a ti ti Sípéènì dé ni gbogbo Moshie Zongo, àdúgbò wa ní Kùmásì níbí, ti ń ya ilé mi bí ẹni tó ń kí ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀. "Alfa Jùnáídù, mọ́sáláṣí ńlá Kọ́dọ́bà ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni pé òpó inú rẹ̀ kò lóǹkà?" N kò dé Kọ́dọ́bà. N kò rí òpó kankan. Ìgbà tí Màmúdù ọ̀rẹ́ mi, tó ń rán bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa, gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èmi tí mo ti ń fi Kọ́dọ́bà dá àwọn ọmọ kéú lágara láti bí ogójì ọdún, mo wọ bàálù dé ìlú tó wà gan-an, mo sì gba ibòmíràn lọ! Ó dáa. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi. Ìtàn náà kì í tilẹ̀ ṣe tèmi, ti Sàbírátù ìyàwó mi ni.

Ẹni tó bá mọ ọjà Asafo yóò mọ Sàbírátù. Òun ló ń rán aṣọ iléèwé nínú ìsọ̀ kékeré tó kọjú sí ibùdókọ̀, ọmọ tó bá sì wọ aṣọ tó rán, àbúrò rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, nítorí aṣọ náà kì í tú. Kì í pariwo. Èmi ni mò ń pariwo nílé wa. Ìlọrin ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, bíi tèmi, ṣùgbọ́n Kùmásì níbí ni wọ́n bí i sí, èmi sì ti di géńdé kí n tó dé. Nítorí náà, bí inú bá bí i sí mi, Twi, èdè ìlú yìí, ló fi ń bú mi. Ó mọ̀ pé kí n tó túmọ̀ rẹ̀ tán, òun ti lọ síbi iṣẹ́.

Àpá kan wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ òsì, tó ń dán, tó fẹ̀ tó ojú àtàǹpàkò. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i tó bá ń ṣe àlùwàlá. Lọ́dún tí mo fẹ́ ẹ ni mo bi í pé kí ló jó o, ó ní, "Àpá Sísítà ni." Bó ṣe sọ ìtàn náà fún mi nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó kúrò ní Gánà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn èèyàn wa tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbí, wọ́n ń ta ilé, wọ́n ń ta ẹrù, wọ́n ń du àyè nínú lọ́rí. Bàbá Sàbírátù ti rí àyè tirẹ̀. Oyún oṣù méje wà nínú Lùbàbà ìyá rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí lọ́rí gbéra ni ọmọ bá ní òun ń bọ̀.

Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Tafo ni wọ́n bí i sí, ọmọ tí èékánná rẹ̀ kò tíì hù tán. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Sísítà ìjọ Àgùdà, ọmọ Sípéènì, tí wọ́n ń pè ní Sísítà Ínẹ̀sì. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru. Sísítà bá kó òwú sínú páálí, ó tẹ́ ọmọ sí i, ó rọ omi gbígbóná sínú àwọn ìgò, ó fi aṣọ wé wọn, ó sì fi wọ́n yí ọmọ ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń pààrọ̀ omi náà. Lọ́jọ́ kan, aṣọ yọ̀ lára ìgò kan, ìgò náà sì jó ọmọ ní gìgísẹ̀.

Bàbá ti kó àwọn ọmọ tó kù lọ sílé ní Ìlọrin nígbà yẹn. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò dé ilé ìwòsàn náà, wọ́n ní ìyá ọmọ ńkọ́, ìwé rẹ̀ dà? Wọ́n ní Sísítà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ yìí sórí lọ́rí, kó wọlé wá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e nínú òwú. Kò sẹ́ni tó wọlé. Bí Lùbàbà ṣe rí ibi dúró sí nìyẹn, títí nǹkan fi rọ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì padà wá bá a.

Ṣùgbọ́n ohun kan dun Lùbàbà wọnú ibojì. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, o lè dúpẹ́ títí ẹnu yóò fi bó, bí ilẹ̀ bá mọ́, o gbọ́dọ̀ padà lọ kí i kú àná. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ó máa gbé ọmọ lọ, inú ilé ọ̀rẹ́ kan ló sá pamọ́ sí, kò lè yọjú sójú títì nítorí ìwé. Nígbà tó fi máa lè jáde, wọ́n ti gbé Sísítà lọ sí ìlú mìíràn, lẹ́yìn náà wọ́n ní ó ti padà sí ilé rẹ̀. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni," bẹ́ẹ̀ ni Lùbàbà máa ń wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn fún ọmọ rẹ̀ ni pé, "Bí o bá rí i láyé, bá mi kí i kú àná."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ti ọdún yìí. Sùádà ọmọ wa obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Mádríìdì ní Sípéènì. Òun ló gba físà fún wa, òun ló san owó ọkọ̀, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá la máa lò. Ó pè wá lórí fóònù, ojú ń rí ojú.

"Bàámi, ẹ̀yin àti Màámi, ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ kí n mú yín lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n yọ̀ǹda mi fún níbi iṣẹ́. Bí a bá lọ sí gúúsù, a ò ní lè dé àríwá mọ́."

"Kí la tún fẹ́ máa yàn?" ni mo wí. "Kọ́dọ́bà ni!"

Sùádà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà wò ó. Bí obìnrin méjì bá wo ara wọn báyẹn nínú ilé yín, ẹ yáa mọ̀ pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín.

"Alfa, ẹ má bínú," ni Sàbírátù wí. "Ibì kan wà tí mo fẹ́ lọ. Àríwá ni, wọ́n ń pè é ní Gàlísíà. Sísítà Ínẹ̀sì wà láàyè."

Àṣé odindi ọdún kan ni Sùádà ti fi ń wá a kiri lọ́dọ̀ àwọn Sísítà! Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà wọn ló wà. Ó ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ bá a kí ó ṣì mọ̀ wá, kí a má ṣe pẹ́.

Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín? Inú bí mi. Mo ní ogójì ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn alfa ńlá Kọ́dọ́bà, mo ti ká ẹní ìkírun mi sínú báàgì, ẹsẹ̀ mi kò sì ní tún tẹ ilẹ̀ yẹn láyé mọ́. Mo ní kí ó fi fóònù kí Sísítà, ṣebí ẹ̀rọ náà nìyí lọ́wọ́ wa.

"A kì í fi fóònù kí ènìyàn kú àná tó ti pẹ́ tó báyìí," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ la fi ń kí i. Alfa, Kọ́dọ́bà ti wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, kò ní lọ síbì kankan. Sísítà ni kò ní dúró."

Ó tún fi Twi kan sí i nídìí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi fajú ro. Tùwó tó gbé síwájú mi, mo ní n kò jẹ, mo wá lọ ń jẹ kẹ́ńkẹ́ ní ìsọ̀ Màmúdù. Ata rẹ̀ ta mí dé etí, ó sì tọ́ sí mi. Màmúdù ní, "Alfa, ṣé ìwọ kọ́ lo wàásù sùúrù fún wa ní Jímọ̀ tó kọjá?" Mo ní kó máa rán bàtà rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ṣí ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéú. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun! Ẹ̀kọ́ tó kàn ni ọ̀rọ̀ Ànábì pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ogún ọmọ ló ń fi ohùn òkè kà á lé mi lórí. Mo ní kí wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n rò pé mo ní kí wọ́n gbé e sókè ni. Mo jókòó, mo ń wo ìwé náà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Mo jáde sí àgbàlá. Sàbírátù ń ṣe àlùwàlá, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ tòsì, ó fọwọ́ yí àpá yẹn ká. Ọkàn mi ló bá sọ fún mi pé: Jùnáídù, bí wọ́n bá gbé ọmọ yìí sórí lọ́rí lọ́jọ́ náà, ta ni ìwọ ì bá fẹ́? Ta ni ì bá bí Sùádà? Ta ni ì bá máa gba ìbínú rẹ mọ́ra láti ọdún yìí wá? Ojú tì mí. Àṣé èmi gan-an jẹ obìnrin náà ní kú àná, n kò sì mọ̀.

Mo pe Sùádà lójú ẹsẹ̀. "Gàlísíà ni," mo ní. Sàbírátù gbọ́ ohùn mi. Ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀, ó ní, "Medaase." Ìyẹn mo gbọ́. Ó ṣeun ni.

Aṣọ àwọ̀sùn tó nípọn ló rán fún Sísítà, pẹ̀lú òrí tí a rà ní Asafo. Òjò ni Gàlísíà fi pàdé wa, òjò tí kò le, tí kò sì dá. Sísítà ọ̀dọ́ kan ló mú wa wọlé, Sùádà sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní òtútù ń mú Sísítà Ínẹ̀sì gan-an lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ìgò omi gbígbóná wá síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

Obìnrin kékeré kan ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Sàbírátù kúnlẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe rán an: "Sísítà, ẹ kú àná. Lùbàbà ní kí n kí yín kú àná." Ó tún fi Twi sọ ọ́. Sísítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bi Sùádà bóyá òjò ti dá. Ẹ foríjì mí, n kò ní parọ́: mo rántí Kọ́dọ́bà.

Sàbírátù kò dìde. Ó di ọwọ́ ìyá àgbà náà mú, ó tún fi Twi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: òun ni ọmọ inú páálí, ọmọ inú òwú, ní Tafo.

Sísítà wò ó títí. Ó ní, "Wo nan wɔ he?"

Ìyẹn náà mo gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ dà? Èmi Alfa Jùnáídù, tí ènìyàn ń tú bàtà fún, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, mo tú bàtà ìyàwó mi, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, mo gbé gìgísẹ̀ náà lé orí ìtan Sísítà. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ lé àpá náà. Ó ṣe rẹ́gí. "Kosɛ," ó ní, "kosɛ, kosɛ." Pẹ̀lẹ́ ni, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Obìnrin tó gba ẹ̀mí ọmọ là, láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta, iná kékeré tó jó ọmọ náà ló ṣì ń dùn ún.

"Ó ti jinná, Sísítà," ni Sàbírátù wí. "Ó ti jinná tipẹ́tipẹ́. Ẹ kú àná."

Mo kírun lásárì ní igun yàrá wọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun débi pé orí mi kò fẹ́ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Sàbírátù béèrè ìgò lọ́wọ́ Sísítà ọ̀dọ́ náà. Ó rọ omi gbígbóná sí i, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó so ó, ó kọ́kọ́ fi kan gìgísẹ̀ ara rẹ̀ wò, kí ó tó gbé e sí ẹsẹ̀ Sísítà Ínẹ̀sì. Sísítà jẹ́ kí ó gbé e síbẹ̀.