Ọjọ́ Méje Tí A Fi Pàtẹ Orúkọ ní Èrìjìyàn

Òórùn kòkó tí kò gbẹ dáadáa, tó ti bu nínú àpò, ló kún ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní Èrìjìyàn. Bí mo bá gbọ́ irú òórùn yẹn títí dòní, ńṣe ni mo máa ń yára kọjá. Kòkó kọ́ ló fà á o.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mi sì ń gùn mí. Ọmọ igi kòkó tuntun ń bọ̀ wá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Òfin wọn ni pé kí wọ́n pàtẹ orúkọ àwọn tó máa gbà á fún ọjọ́ méje gbáko, kí ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ lè tètè pariwo. Alága ní kí n bá wọn ṣe é lọ́nà ìgbàlódé. Ìwọ náà mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe láàárín àwọn òkè wa. Mo wá sọ láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì di sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí fóònù àwọn ẹlòmíràn lè ka ohun inú rẹ̀: mo ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ ìlà kan ṣoṣo, ó parí. Ẹni tó bá dúró níwájú ọ́fíìsì á so fóònù rẹ̀ mọ́ wáífáì wa, á sì ka orúkọ náà láìná dátà rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ìlà kan á yọ nínú fèrèsé dúdú yẹn, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ẹ̀rọ tó ṣí i. Mo fi fóònù mi dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ti akọ̀wé dán an wò lẹ́ẹ̀kan.

"Injiníà," akọ̀wé ní, "fi pásíwọ́ọ̀dù sí wáífáì yẹn o, kí àwọn ọmọ ìta má baà ya wọlé."

Mo fi sí i. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo fún un. Mi ò béèrè ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Mo bá lọ sí ìlú Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpín tí mo padà dé, alága na ìwé kan sí mi pé a ti pàtẹ orúkọ fún ọjọ́ méje. Mo rí i pé sáfà ṣì ń ṣiṣẹ́, mo fọwọ́ sí ìwé náà. Kò pẹ́ ni opó àgbàlagbà kan tí àrùn ti pa gbogbo kòkó rẹ̀ gbọ́ pé òun kò sí nínú àwọn tó máa gbà. Ó ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ lóko, ó ń retí.

"Ìyá, ọjọ́ méje la fi pàtẹ ẹ̀," akọ̀wé ní. "Ẹ ò wá wò ó."

"Èmi? Ulé mi rèé ní òdìkejì títì! Ọmọ ọmọ mi gbé fóònù wá, ó ní wọ́n tì í pa. Mo bi ìwọ fúnra rẹ, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ìyá, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Kọ̀ǹpútà wà ńbẹ̀, ẹ bi injiníà."

Akọ̀wé rò pé màá gbè é. Mo ṣí fèrèsé dúdú náà. Ìlà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́: mẹ́ta ti fóònù mi, ẹyọ kan ti akọ̀wé. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Mo kà á sókè.

Alága rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa láptọ́ọ̀pù náà dé. "Ìwọ lo fọwọ́ síwèé, àbí ìwọ kọ́?"

Ẹ̀yìn ọkọ̀ àbúrò akọ̀wé ni wọ́n kó ọmọ igi kòkó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìpín sí, níṣojú gbogbo wa. Ìyá náà yíjú sí mi. "Ìwọ lo ṣe é fún wọn?"

"Èmi ni, mà."

Kò bú mi. Ó kàn sọdá títì.

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo to gbogbo rẹ̀ sí i: pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi pamọ́, irọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọkọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ìwà wọn ṣì ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò lè kọ sínú ìwé ẹ̀sùn náà, òun ló sì ń rí mi lára jù: nítorí pé àtẹ orúkọ náà ṣí fún mi, mo gbà pé ó ti ṣí fún gbogbo ìlú, mo sì fọwọ́ sí ọjọ́ méje kí n tó ka ìlà mẹ́rin.